Ọjọ́ Mẹ́rin tí Ilé Wa Dákẹ́

Ẹ̀rù ibi tó bá dákẹ́ máa ń bà mí. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé inú ariwo ni mo ti ń kọ̀wé: ilẹ̀kùn mi á ṣí sílẹ̀ gbayawu, rẹ́díò á máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ pe ẹnì kejì rẹ̀ láti òkè délẹ̀ lè pè é. Wọ́n rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Irọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní géńdé, kò sẹ́ni tó kórìíra ariwo tó mi ní gbogbo Mùṣin. Mo wá ibi tó dákẹ́ kiri àfi bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù. Mo sì rí i. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, ó sì tó mi títí ayé.

Ogun abẹ́lé ti parí láti bí ọdún mélòó kan nígbà náà. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, yàrá kan ni mo sì háyà ní Pápá Àjàó ní Mùṣin, nínú ilé oníyàrá méjìlá tí mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ló wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Bí kò bá wa maṣíìnì, á máa bá rẹ́díò jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, bí ẹni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ìyá ìbejì wà lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tí wọn ò mọ ìrìn, eré ni wọ́n ń sá lọ síbi gbogbo. Ìyá onílé, arúgbó ará Ìjẹ̀bú kan, kì í dìde lórí àga rẹ̀ níwájú ilé bó bá fẹ́ bá ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé sọ̀rọ̀. Abẹ́ fèrèsé mi wá ni àwọn páńẹ́lì-bítà dó sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òòlù ni wọ́n ń fi lu ara ọkọ̀, gbàù, gbàù, gbàù. Èmi á jókòó sídìí tábìlì, bírò lọ́wọ́, màá máa ṣépè sínú.

Ìwé ìtàn kan ni mò ń kọ. Ìtàn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni, tó lọ ṣòwò ní Kùmásí, tó kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n wá lé pa dà wálé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo lórí. Kì í ṣe ìtàn ìyá mi gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti mú ìdajì rẹ̀ lọ fún ọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kékeré kan ní Yábàá. Ó kà á, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní, "Mú ìyókù wá kí oṣù yìí tó parí. Tó bá ti wọ oṣù tó ń bọ̀, a ò ní gba ìwé mọ́ lọ́dún yìí." Orí mi wú. Mo lọ gba líífù ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, mo ra bébà, mo ra bírò mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lásìkò yẹn, ilé làwọn èèyàn ń fi líífù lọ. Ẹni tó bá gba líífù tí kò lọ sílé, wọ́n á máa bi í bóyá òun àtàwọn ará ilé rẹ̀ jà ni. Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi nìkan sì ni ọmọ tó bí tó yè. Ìyá kan ládùúgbò wa nílé máa ń kó èlùbọ́ wá sí Ọ̀yìngbò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú líífù mi, ó sọ fún mi pé, "Ìyá ẹ ní ara àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Wọ́n ní tó o bá ti gba líífù, kó o wá o, àwọn fẹ́ rí ẹ."

Mo wo ojú obìnrin náà. Ìwé líífù mi wà nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀gá ò fún mi ní líífù o. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, màá wá." Ó yà mí lẹ́nu bí irọ́ náà ṣe yọ̀ lẹ́nu mi. Mo tiẹ̀ bú ọ̀gá mi díẹ̀ sí i, kó lè dún bí òótọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí láíbìrì kan ní Yábàá. Ibẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé gíga ti gba gbogbo àga kí n tó dé. Nígbà tí mo rí ọ̀kan gbà lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá dúró sẹ́yìn mi. Ó ní ìwé wo ni mò ń dà kọ. Mo ní mi ò da ìwé kankan kọ, inú orí mi ló ti ń wá. Ó wo orí mi. Ó ní torí àwọn tó fẹ́ kàwé ni wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀, kó lọ kọ ọ́ nílé ẹ̀. Mo palẹ̀ bébà mi mọ́, mo jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè, ní àdúgbò kan tó dákẹ́ débi pé bí ewé bá já lórí igi, wàá gbọ́. Mo ní ibi tí mò ń wá gan-an nìyí. Ìyàwó rẹ̀ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó gbé tábìlì sí pálọ̀ fún mi, ó wá jókòó tì mí. Mo wò ó títí, kò dìde. Ó ní kò dáa kéèyàn fi àlejò sílẹ̀ lóun nìkan, kí n má baà délé lọ sọ pé òun ò yá mọ́ọ̀yàn. Ó sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ fún mi, ó bu ìrẹsì, ó tẹ ẹ̀bà, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà kan sí iléèwé ọmọ òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, lẹ́tà yẹn nìkan ni mo sì kọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lọ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mi ò lè fara dà á mọ́. Àwọn ìbejì ń fi agolo mílíìkì gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ń bá rẹ́díò jà, ìyá onílé ń bú ẹni tó bu omi òun láì tọrọ. Mo já ilẹ̀kùn ṣí, mo jáde, mo pariwo mọ́ gbogbo ilé: "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ẹ ò lè dákẹ́ ni? Mo gba líífù torí iṣẹ́ yìí! Mo pa gbogbo nǹkan tì torí ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!"

Ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ní, "Akọ̀wé, abẹ́g o! Ṣé lẹ́tà sí gómìnà lò ń kọ ni?" Ìyá onílé dáhùn láti iwájú ilé, kò dìde, "Ìwọ akọ̀wé yìí, lọ gba yàrá sí itẹ́ òkú tó bá jẹ́ ibi tó dákẹ́ lo fẹ́." Gbogbo ilé tún rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé gbà. Lọ́jọ́ Ajé, ariwo náà tún le sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù nínú líífù mi, orí mẹ́rin ló sì kù nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jí, mo jókòó sídìí tábìlì, mò ń retí òòlù. Òòlù kò dún. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn páńẹ́lì-bítà ń ti ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe lọ sí òdìkejì títì, mẹ́rin ń tì, ọ̀kan ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Ọ̀gá wọn rí mi, ó ṣí fìlà. Ọkùnrin tí kò kí mi rí láti ọdún méjì! Mo tẹ́tí sínú ilé. Rẹ́díò Ẹ̀gbọ́n télọ̀ kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìbejì lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rìn. Wọ́n ń rìn, ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n rìn.

Hàà! Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Àìkú ti wọ̀ wọ́n lára. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo mú bírò, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí omi ẹ̀rọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti kọ ojú ewé mẹ́wàá. Ìyá ìbejì kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sórí ìjókòó. Ó ní, "Bọ̀dá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun." Kò dúró gba ọpẹ́. Nígbà tí mo jáde lọ wẹ̀, àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ọ̀kan fún mi ní korobá omi tó ti fà fún ara rẹ̀. Mo gbà á bí ẹni tó tọ́ sí.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Mo ní wọ́n ti wá mọ irú ẹni tó ń gbé láàárín wọn. Lọ́jọ́rú, Ẹ̀gbọ́n télọ̀ gbé àga tirẹ̀, èyí tó ní tìmùtìmù, wá fún mi. Ó ní tèmi le jù fún ẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Ilé yìí ti wá dáa. Tí ìwé yìí bá jáde, màá fi orúkọ yín sí i." Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣáà kọ ọ́ tán. Kọ ọ́ tán, àbúrò mi." Kò pè mí ní àbúrò rẹ̀ rí, yẹ̀yẹ́ la máa ń fi ara wa ṣe. Mo rò pé ìtìjú ariwo tó ti ń pa látijọ́ ló mú un.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkàn mi fà sí ìyá mi. Mo ti ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan fún un, mo ní kí n sáré dé Ọ̀yìngbò, bóyá màá rí awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tí màá fi rán. Ìyá onílé rí mi ní aṣọ ìjáde. Ó dìde. Arúgbó tí kì í dìde, ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú. "Níbo lò ń lọ?" Mo sọ fún un. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ẹni tí kò rí ìgò rí. Ó ní, "Má lọ lónìí. Màá bá ẹ wá ẹni tó máa mú un lọ. Padà sídìí iṣẹ́ ẹ. Ṣé o jẹun?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá mo jẹun. Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo rántí pé mo súfèé.

Orí ìkẹyìn ni mò ń kọ lọ́jọ́ náà. Obìnrin inú ìtàn mi ti dàgbà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń retí ọmọ rẹ̀ tó wà lókèèrè. Mo rò ó bóyá kí ọmọ náà pẹ́ jù ni, àbí kó dé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo jẹ́ kó dé. Mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó rí i. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, inú mi dùn pé mo mọ̀wé kọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Mo kó àwọn bébà náà jọ, mo gbé wọn sókè lórí, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síwájú ilé. Mò ń pariwo, "Mo ti parí ẹ̀ o! Ó ti tán! Ẹ lè máa pariwo yín wàyí!"

Àbúrò bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, òun àti àgbàlagbà méjì láti agbo ilé wa. Ìyá elélùbọ́ jókòó sílẹ̀, ó fi gèlè bo ẹnu. Gbogbo ilé dúró yí wọn ká. Àwọn páńẹ́lì-bítà dúró lẹ́bàá títì, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni irọ́ líífù tí mo pa. Mo rò pé ìyá mi ti gbọ́, ó ti bínú, ó rán wọn wá bá mi wí. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, iṣẹ́ ló fà á. Lọ́la ni mò ń bọ̀ nílé gan-an."

Àbúrò bàbá mi ní, "Dìde. Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun.

Ó ní, "Ọkùnrin ni ẹ́."

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ láàárín wa mọ ohun tó ń tẹ̀lé gbólóhùn yẹn. Bébà ọwọ́ mi já bọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ pé àgbà ni ìyá mi, pé ó ti sinmi, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n ti sin ín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹta. Wọ́n wá mú mi lọ kí n lè bá ti ọjọ́ kẹjọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú! Ìgbà tí mo dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n dákẹ́.

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀? Gbogbo yín? Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ìyá onílé ti ń sunkún. Ó ní ìyá elélùbọ́ ti Ọ̀yìngbò wá ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ fún òun, òun sì sọ fún gbogbo ilé. "Akọ̀wé, ṣé èmi ni mo máa wá la irú ẹ̀ mọ́ ẹ lórí? Ẹbí ẹni ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní ká má jẹ́ kó o gbọ́ títí wọ́n á fi dé, ká má jẹ́ kó o jáde, kẹ́nikẹ́ni má lọ ṣèèṣì kí ẹ kú ọ̀fọ̀ lójú títì. Ta ló máa lé rẹ́díò sókè nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú tí mo sọ yẹn, Ọlọ́run dárí jì mí."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ìyá ìbejì lọgun. Ẹkún tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbé mì wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo obìnrin ilé náà ké. Mi ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí ní Pápá Àjàó. Èmi nìkan ni mi ò lè sunkún. Mo dúró, ẹnu mi là sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń rò ni pé mo súfèé. Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀, mo sì ń súfèé.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ló ṣa àwọn bébà náà nílẹ̀, òun ló mú wọn lọ fún atẹ̀wé ní Yábàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò rán an.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ bá ìyá elélùbọ́ nílé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo ní kó pa fún ìyá mi, pé mo ti gba líífù ní tèmi. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyá onílé yín, èlùbọ́ mi ni wọ́n ń rà. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ tó o rán mi yẹn gan-an, wọ́n ní o gba líífù, pé o fẹ́ kọ̀wé."

Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún ìyá mi?"

Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn mọ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá ibẹ̀ dákẹ́ tó. Wọ́n ní láti kékeré, o ò lè ṣe nǹkan kan níbi tí ariwo bá wà, pé ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o ráyè jókòó."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí orúnkún mi fi kú. Ibẹ̀ ni mo ti wá sunkún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti Yábàá. Wọ́n gba ìwé náà. Ọkùnrin atẹ̀wé yẹn kọ ọ́ pé orí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló dára jù, pé ó hàn gbangba pé ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mò ń kọ wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀! Ìwé náà wà lórí pẹpẹ mi báyìí. Mi ò tíì ka orí mẹ́rin yẹn láti ọjọ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílé bá mi nídìí tábìlì. Kò mọ ìwà mi. Ó lọ pa rẹ́díò pálọ̀, ó sọ fún àwọn ọmọdé pé, "Ẹ dákẹ́, Bàbá ń kọ̀wé." Ilé pa rọ́rọ́. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà ní pálọ̀ láì wọ bàtà, mo di ẹnu ọ̀nà mú, mò ń bi wọ́n pé, "Ta ló kú?"